Yẹ́lò fún Ẹ̀jẹ̀

Ìṣó tí wọ́n fi láísẹ́ǹsì Ìyìnlọ́lá kọ́ kì í ṣe ìṣó tuntun. Fọ́tò bàbá rẹ̀ nínú aṣọ sójà ló ti wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá náà ti ṣí kẹ́mísì rẹ̀ ní àdúgbò Slipway, ní Monrovia. Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ fúnra rẹ̀ ló gun àpótí, tó yọ fọ́tò ara rẹ̀, tó tì í sábẹ́ káńtà, tó sì fi ìwé ọmọ rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sún sẹ́yìn kó lè wò ó dáadáa, àmọ́ ńṣe ló ń yí orí kiri kí ojú rẹ̀ tó bà lé e lára ògiri. Ìyìnlọ́lá rí i bó ṣe ń ṣe. Ó rò pé omijé ayọ̀ ló bò ó lójú.

"Ó tán," ni bàbá wí. "Kí wolé-wolé kan tún wá halẹ̀ mọ́ mi níbí. Apòògùn wà nílé."

Apòògùn ò sí nílé o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí òfin sọ ni pé láísẹ́ǹsì apòògùn gbọ́dọ̀ wà lára ògiri ilé tí wọ́n bá ti ń ta oògùn, kí ẹni tó ni ín sì wà nídìí káńtà. Ìdajì àkọ́kọ́ ni gbogbo ìlú ń pa mọ́. Ìdajì kejì, wọ́n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹni tó bá jáde ìwé oògùn ní Monrovia, tó sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ ìyá bàbá tó ń tajà, kò ní pẹ́ tí orúkọ rẹ̀ á fi máa ṣọ́ ògiri níbì kan, tí òun fúnra rẹ̀ á sì wà níbòmíràn tó ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Ibòmíràn náà ò sì pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò nínú aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ Ìyìnlọ́lá bọ́ sí àjọ àwọn òyìnbó tó ń fi jíìpù gbé oògùn lọ sí ìgbèríko. Ọ̀kan ṣí ṣọ́ọ̀bù ìpara ní ELWA Junction, ìpara tó ń bó ni láwọ̀, òun ló sì lówó jù nínú gbogbo wọn. Jesse Àlùkò, ọmọ tíṣà ará Nàìjíríà tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ iṣẹ́ wolé-wolé oògùn lábẹ́ ìjọba, ó sì ń gbé káàdì iṣẹ́ kọ́rùn wá sí ìsìn. Ọsibítù ni Ìyìnlọ́lá ń fẹ́ ní tirẹ̀. Kì í ṣe ọsibítù ti pé kéèyàn dúró lójú wíńdò kó máa ka hóró oògùn. Ó fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń bá dókítà rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, tó ń sọ pé, ẹ má fún ẹni yìí ní èyí o, kò bá ara rẹ̀ mu. Abẹ́rẹ́ tí kò bá ara mu ló pa ìyá rẹ̀, ọmọ agbègbè Lofa, ní wọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni ò ti bi í ní ìbéèrè kankan. Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà ti mọ ibi tóun ń lọ.

Ọsibítù ní kó máa retí ìpè. Bó ṣe ń retí ni ó gba iṣẹ́ ní Bushrod Island, ní ilé ìkẹ́rùsí àwọn tó ń kó oògùn wọ̀lú láti èbúté Freeport, níbi tó ti ń to páálí nínú ooru. Ìgbà yẹn ni bàbá rẹ̀ ní kó mú láísẹ́ǹsì wá.

"Dádì, tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, èmi ni wọ́n máa gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá sì ti gbà á, ó parí nìyẹn. Kò sí ọsibítù tó tún máa wo ojú mi."

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Ta ló kú lọ́wọ́ mi rí?"

Lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò kú lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Nígbà ogun ló bá àwọn sójà Nàìjíríà wá, òun ló ń di ojú ọgbẹ́ fún wọn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ padà sílé, ó dúró nítorí obìnrin kan, àti nítorí àdúgbò kan tó ti ń pè é ní Doc. Àwọn èèyàn ń sá wọ Slipway nígbà náà pẹ̀lú ọta ìbọn lára. Dókítà ò sí, ẹni tó lè ka ara ike oògùn ò sì wọ́pọ̀ nínú wọn. Ó wá fi àwọ̀ kọ́ wọn. Funfun ńlá fún ibà. Pupa-òun-dúdú fún egbò. Yẹ́lò kékeré fún ẹ̀jẹ̀, ti aláboyún nìyẹn. Ó ń mú kí wọ́n kà á tẹ̀lé òun bí ọmọ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi, ó sì gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ìyá fi kọ́ ọmọ. Títí dòní, obìnrin Slipway kì í béèrè orúkọ oògùn. Wọ́n á fi ọwọ́ lé káńtà ni, wọ́n á ní, "Ol' Pa," bí wọ́n ṣe ń pe bàbá àgbà níbẹ̀, "yẹ́lò fún ẹ̀jẹ̀," bàbá á sì bu hóró oògùn sínú bébà, á wé e, á gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Ní ilé ìkẹ́rùsí, tí páálí bá fọ́ nínú ọkọ̀, ọ̀gá máa ń ní kí àwọn òṣìṣẹ́ mú ohun tó bá ṣì dára nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, oògùn àtọ̀gbẹ ló wà nínú páálí tó fọ́. Ìyìnlọ́lá rántí àwọn arúgbó Slipway tí ẹsẹ̀ wọn ń jẹrà nítorí pé wọn ò rówó rà á. Inú rẹ̀ dùn. Ó mú ike ńlá kan, ó fi rán ọlọ́kọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí bàbá rẹ̀, ó sì pè é lórí fóònù.

"Dádì, oògùn àtọ̀gbẹ ni o. Ti àwọn àgbà."

"Mo ti gbọ́. Ọlọ́run á bù kún ọ."

Funfun ni Ìyìnlọ́lá ti mọ oògùn yẹn sí láti ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tó ṣe eléyìí ṣe é ní yẹ́lò. Kò ṣí ike náà wò. Ká ní ó wà nídìí káńtà tí orúkọ rẹ̀ wà ni, ohun àkọ́kọ́ tí ì bá ṣe nìyẹn, nítorí iṣẹ́ apòògùn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kó ṣí i, kó wò ó. Bàbá ní tirẹ̀ gbé ike náà sórí pẹpẹ láàárín àwọn ike funfun yòókù tí wọ́n jọ tóbi bákan náà. Nígbà tí oògùn ẹ̀jẹ̀ tán nínú ìgò, ó nawọ́ sórí pẹpẹ, ó ṣí ike tí ọwọ́ rẹ̀ bà, ó rí yẹ́lò nínú rẹ̀, ó sì dà á sínú ìgò.

Àárín ìgbà yẹn ni ọsibítù pe Ìyìnlọ́lá. Wọ́n ní àyè ti yọ, kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, kó sì mú ojúlówó láísẹ́ǹsì rẹ̀ dání. Ìyìnlọ́lá jó nínú ilé ìkẹ́rùsí láàárín páálí, àwọn tó ń gbẹ́rù ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìpè tó tẹ̀lé e ni ti Garmai. Wọ́n jọ dàgbà ni. Àgbàlá kan náà ni wọ́n ti jọ ń fi ẹrẹ̀ se oúnjẹ nígbà èwe, Garmai sì ti ń ta ẹja ní ọjà Waterside kí Ìyìnlọ́lá tó mọ ohun tí yunifásítì ń jẹ́. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti wá a pẹ́. Wọ́n ní Garmai ti kú, tòun tọmọ inú rẹ̀. Wọ́n ní gìrì aláboyún ni.

Ìyìnlọ́lá lọ kí ìyá Garmai. Obìnrin náà jókòó sórí ẹní, ó ń sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, àfi bíi pé ẹnì kan máa sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òógùn ló kọ́kọ́ ń bo Garmai bí ẹni tí òjò pa. Lẹ́yìn náà ló ń gbọ̀n, tó ń sọ ìsọkúsọ, tó ń ké pé ebi, ebi, ebi ń pa òun. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà. Àwọn aládùúrà ní ebi yẹn kì í ṣe ojú lásán, kí wọ́n má fún un ní nǹkan kan jẹ, kó fi gbààwẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ọsibítù, gìrì ti mú un, dókítà rí ikùn, ó rí gìrì, ó sọ orúkọ tó mọ̀.

"Ó sì ń lo oògùn Ol' Pa déédéé o," ni ìyá wí. "Kò fo ọjọ́ kan."

Ó fi ọwọ́ wá abẹ́ ìrọ̀rí, ó mú bébà tí wọ́n wé jáde. Ó ní kí Ìyìnlọ́lá bá òun dá a padà, kí aláboyún mìíràn lè rí i lò, kó má baà ṣòfò.

Ìyìnlọ́lá tú u. Oògùn ẹ̀jẹ̀ kì í ní ìlà láàárín. Hóró oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí ní ìlà tó dá a sí méjì, lẹ́tà àwọn tó ṣe é sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, lẹ́tà tó ń rí lára páálí ní Bushrod Island lójoojúmọ́. Oògùn tó ń fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé mì láàárọ̀ lálẹ́, tòun ti ọmọ inú. Kọ́ọ̀bù tíì kan tó ní ṣúgà ì bá gbà á là. Tíì lásán! Wọ́n sì ní kó gbààwẹ̀. Ìyìnlọ́lá wé bébà náà padà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ma," ló sọ. Ó ju bébà náà sínú báàgì rẹ̀, ó sì jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí i, kó bínú. Èmi náà bínú sí i. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń rò bó ṣe ń lọ. Dókítà ti ní gìrì ni. Ẹnikẹ́ni ò béèrè nǹkan kan. Garmai ò ní jí mọ́. Ọsibítù ń dúró de òun, gbogbo ọdún tóun fi fi àtùpà kàwé nígbà tí iná ò sí ń dúró de òun. Tóun bá rọra kó ìyókù oògùn náà kúrò nílẹ̀, kò ní sẹ́ni tó máa kú mọ́, láísẹ́ǹsì á sì dúró síbi tó wà. Ó mọ̀ pé ìrònú yìí ò dára, ó sì ń rò ó lọ bẹ́ẹ̀.

Ó dé kẹ́mísì nígbà tí bàbá rẹ̀ ń jẹun lẹ́yìnkùlé, ó da ìgò yẹ́lò sínú báàgì, ó sì bọ́ sí àdúgbò. Ikùn kì í ṣe ohun téèyàn ń gbé pamọ́, ó mọ ilé gbogbo aláboyún Slipway. Ó ń sọ fún wọn pé ilé iṣẹ́ àwọn ti kó èyí tó dára jù dé, kí wọ́n mú ti ọwọ́ wọn wá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n ní èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ò ṣe àwọn ní nǹkan kan.

Ó bá Kebbeh, ọ̀kan nínú àwọn aláboyún náà, lábẹ́ òrùlé, níbi tó ti ń fi ìdí aṣọ nu ojú. Òógùn ń já bọ́ lágbọ̀n rẹ̀, afẹ́fẹ́ odò sì ń fẹ́ yẹ́ẹ́.

"Ooru ni," ni Kebbeh wí.

Ìyìnlọ́lá ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré ra mínírà, ó ṣí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ipá dà á sí i lẹ́nu. Kò pẹ́ tí òógùn fi dá, tí ojú obìnrin náà sì mọ́lẹ̀.

"Kebbeh, oògùn yẹn ni. Jọ̀ọ́, kó o fún mi."

"Da Ol' Pa give me da medicine," ni Kebbeh dáhùn. Ọwọ́ Ol' Pa lòun ti gbà á. Yẹ́lò ni wọ́n fi bí òun, yẹ́lò lòun fi bí àwọn tó ń sáré kiri àgbàlá yìí. Tí kò bá dára, kí Ol' Pa fúnra rẹ̀ wá sọ ọ́. Ó wo Ìyìnlọ́lá láti òkè délẹ̀. "Ìwọ, ta ni ọ́? Orúkọ rẹ la máa ń rí lára ògiri. A kì í rí ọ."

Ìyìnlọ́lá padà sí kẹ́mísì, ó sì gbé hóró oògùn kan sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀.

Bàbá kò gbé e sójú. Ó fi àtàǹpàkò pa á lára, ó pa á lára títí ọmọ ìka rẹ̀ fi kan ìlà náà.

"Inú ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ lèyí ti wá?"

"Inú rẹ̀ ni, Dádì. Ìyẹn ni Garmai ń lò."

Ó nawọ́ sórí pẹpẹ, ó fọwọ́ wá ike náà kàn, ó gbé e sílẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀. "Kí ni wọ́n kọ sí i lára?"

"Ẹ kà á, Dádì."

"Ìyìn, kà á fún mi."

Ó kà á. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́. Bàbá jókòó sórí àpótí tó gùn lọ́jọ́ tó ń kọ́ láísẹ́ǹsì.

"Láti ìgbà wo lẹ ò ti ríran?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Mo ń rí àwọ̀. Lẹ́tà ni mi ò rí."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ọ, kí o wá jókòó tì mí níbí? Kí o pa ọsibítù tì nítorí ojú mi?" Ó dìde, ó fọwọ́ ra ògiri dé ẹnu ọ̀nà. "Èmi ni mo tà á. Jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn. Ìwọ má tẹ̀lé mi, má sún mọ́ ibẹ̀ rárá."

Àmọ́ gọ́tà ló kún ojú ọ̀nà Slipway, kò sì lè rí wọn. Ìyìnlọ́lá dì í lọ́wọ́ mú. Bí wọ́n ṣe ń lọ ló mọ̀ pé tí bàbá òun bá ti la ẹnu, ọsibítù ti lọ nìyẹn. Síbẹ̀ ó ń fa bàbá rẹ̀ lọ.

Ìdí pọ́ǹpù omi tí àwọn obìnrin pọ̀ sí ni bàbá dúró. Kò ṣe àlàyé gígùn. Ó ní ojú òun ti fọ́. Ó ní yẹ́lò tóun fún wọn kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, òun ló pa Garmai, kí ẹni tó bá ní in nílé mú un wá, kó sì lọ mu omi ṣúgà kíákíá. Omi ń dà nù láti ẹnu pọ́ǹpù, ẹnikẹ́ni ò tì í. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń lọ, tí wọ́n ń padà dé pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Wọn ò wo ojú rẹ̀. Kebbeh ju tirẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì tutọ́ sílẹ̀.

Ìyá Garmai ló dé kẹ́yìn. Kò mú nǹkan kan lọ́wọ́.

"Doc," ó ní, "ṣebí ìwọ lo gbẹ̀bí Garmai fún mi nígbà ogun?"

"Èmi ni, Ma."

Obìnrin náà mi orí, ó sì yíjú padà sílé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kó tó dé ìjọba nígbà tí òkú bá wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Jesse Àlùkò ló dé pẹ̀lú àgádágodo ńlá tí wọ́n fi ń ti ṣọ́ọ̀bù àti káàdì tó gbé kọ́rùn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó dìde, kò mọ ibi tí ì bá gbé ojú sí.

"Èmi ni, Jesse," ni bàbá sọ kí ọmọkùnrin náà tó la ẹnu. "Èmi ni mo dà á pọ̀. Èmi ni mo tà á. Ọmọ yìí ò sí níbẹ̀, Bushrod Island ló wà. Èmi ni kí ẹ mú."

"Dádì, mi ò lè kọ orúkọ yín," ni Jesse wí.

"Kí ló dé tí o ò lè kọ ọ́? Gbogbo Slipway mọ̀ mí!"

"Lọ́dọ̀ wa, ẹ ò sí ní ṣọ́ọ̀bù yìí, Dádì. Ẹ ò kàwé oògùn, ẹ ò ní àṣẹ. Àfi bí ẹni tó ń gbálẹ̀ lẹ rí lójú òfin. Apòògùn tó wà níbí ló ta oògùn náà." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Apòògùn kan ṣoṣo ló sì wà níbí."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin tí àwọn sójà fi ìbọn sí láyà nígbà ogun tí kò bẹ̀ wọ́n, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó ti jẹun nínú abọ́ rẹ̀. Ó fi ìyá Ìyìnlọ́lá bẹ̀ ẹ́, ó fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n ti òun mọ́lé, kí wọ́n gba kẹ́mísì, kí wọ́n gba ilé.

Jesse wo Ìyìnlọ́lá. Ìyìnlọ́lá mi orí sí i pé kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Jesse gba ẹ̀yìn bàbá kọjá jẹ́jẹ́, ó nawọ́ sókè, ó yọ láísẹ́ǹsì kúrò lórí ìṣó, ó sì gbé e há abíyá. Kò jẹ́ kó dún rárá.

Bàbá ṣì wà lórí eékún rẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

"Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni kí ẹ fi mí ṣe," ó ń wí, ó sì ń nàka sí ibi tí ìṣó wà. "Ẹ ṣáà má fọwọ́ kan ìwé ọmọ mi o. Ìyìn, wọn ò fọwọ́ kàn án, àbí?"

"Wọn ò fọwọ́ kàn án, Dádì," ni Ìyìnlọ́lá dáhùn.